Ìwé Àyẹ̀wò Sọ Pé Irin Pọ̀ Lára Ìyàwó Mi

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ni a fi ṣàwàdà ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù nígbà náà, mo sì mú ìbọ̀sẹ̀ dání láti ilé lọ bá a ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ fún un tán, ó gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Bàbá Tósìn, ṣé wọ́n ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní Ìlọrin ni?" Ìgbà náà ni mo tó rí i pé ọ̀kan dúdú, èkejì sì ní àwọ̀ eérú. Mo fẹ́ bọ́ ọ. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ta ló sọ fún mi pé ìbejì ni ẹsẹ̀ òun. Ẹ̀rín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó lọ.

Ó pẹ́ kí n tó lè jókòó kọ èyí. Ọmọ mi ti ní kí n kọ ọ́, àwọn ará ìjọ wa náà ti ní kí n wá sọ ọ́, èmi ni mo ń sún un síwájú. Ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí ni ẹni tí àárẹ̀ ń mú láìṣiṣẹ́, tí ibà ń wá tó ń lọ, tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí ó rí nọ́ńbà kan tó dùn mọ́ ọn nínú lórí ìwé, tí ó sì fọkàn balẹ̀. Mo tún ń kọ ọ́ sí ẹni tí wọ́n ti sọ orúkọ àìsàn náà fún, tí ẹ̀rù ń bà. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ.

Fọlákẹ́ ni orúkọ ìyàwó mi. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni a ti ṣiṣẹ́, àdúgbò Basin ni a kọ́lé sí. Olùkọ́ ni òun náà, kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ni a bí, Tósìn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Nítorí náà, àwa méjì péré la wà nílé nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jọ àìsàn rárá. Omi dídì ni. Fọlákẹ́, tí kì í mu omi tútù tẹ́lẹ̀ nítorí eyín, dẹni tó ń run omi dídì lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Fíríjì tiwa kì í tètè mú omi dì, nítorí náà ilé Alhaja ni ó ti ń gba tirẹ̀. Alhaja ni aládùúgbò wa, ọmọ Ìlọrin gan-an, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí ikùn. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́nu géètì wa, ó pariwo wọlé.

"Ìyá Tósìn! Ẹ rọra jẹ fíríjì mi o! Omi dídì ti tán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kù!"

"Alhaja, ooru ni."

"Ooru wo? Ṣé orí yín nìkan ni oòrùn ń ràn sí ni? Wàláhì, ẹ lọ yẹ ara yín wò, bóyá àbúrò Tósìn ló ń bọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, torí pé Fọlákẹ́ ti kọjá ọjọ́ orí ìyẹn tipẹ́. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi ń wá omi dídì. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n sọ fún mi ní ilé ìwòsàn pé ó máa ń ṣe àwọn tí irin ti tán lára wọn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un. Bí ó bá rìn láti géètì ilé ẹ̀kọ́ dé kíláàsì rẹ̀, ó ní láti dúró kí ó tó lè kí àwọn ọmọ. Inú ń run ún lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, kì í pọ̀, á wá, á lọ. Ara rẹ̀ máa ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á sì tutù. Ibà ni a pè é. A ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ó lò ó, a tún rà á, ó tún lò ó. Ó ń rù pẹ̀lú. Ìró tó ń ró dè gírí tẹ́lẹ̀ wá ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i pé ó ti rẹwà sí i, wọ́n ń bi í ohun tó ń jẹ. Òun náà ń gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ràn kí wọ́n yìn ín, èmi kò sì rí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Láàbù kan ṣí ní àdúgbò wa ní àkókò náà. Wọ́n ní àwọn yóò yẹ gbogbo ara wò nínú ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, ohun tó pọ̀ jù àti ohun tó kéré jù. Ẹ mọ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é: a kì í kọ́kọ́ lọ rí dókítà, a ó lọ gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ná, tí èsì bá jáde, a ó kà á fúnra wa, ojú wa ló máa sọ bóyá a tún nílò dókítà. A lọ. Ọkùnrin tó fún wa ní èsì ní kí a gbé e lọ fún dókítà. A ní a ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí tábìlì oúnjẹ ni a ti kà á. Èyí ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà.

Ìwé náà kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, ó kọ iye tí wọ́n rí, ó sì kọ iye tó yẹ kó wà láàrin rẹ̀. Olùkọ́ ni wá. Gbogbo ọjọ́ ayé wa, bí a bá rí nọ́ńbà lórí ìwé, máàkì ni a ń rí. Eléyìí tó ga ti yege, eléyìí tó rẹlẹ̀ kí ó lọ tún ìwé rẹ̀ kà. Fọlákẹ́ mú bíírò pupa tó fi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ó ń lọ láti ìlà dé ìlà, ó ń fi tííkì sí i. Nígbà tó dé ibi irin tí ara kó pamọ́, ó pè mí.

"Bàbá Tósìn, ẹ wá wo máàkì o! Mo gbà ju iye tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ."

Mo wò ó. Lóòótọ́, nọ́ńbà náà ti ré kọjá òkè pátápátá.

"Irin tó wà lára mi yìí, wẹ́dà lè fi jó géètì méjì."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ kéré sí iye tó yẹ. Wò ó níbí."

"Ìyẹn ò tó nǹkan. Ọmọ tó gba àádọ́rùn-ún nínú iṣẹ́ kan, tó gba márùndínláàádọ́ta nínú èkejì, ṣé wọ́n á ní kí ó tún kíláàsì ṣe?"

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ìṣirò rò ó lọ́kàn mi, mo pa méjèèjì pọ̀, mo pín in sí méjì, mo sì gbà pé ọmọ náà yege. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ kéré, irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ jù. Àwọn nọ́ńbà méjèèjì kò bá ara wọn mu. Ká ní ìwé ìdánwò ọmọ kan ni mo ti rí irú rẹ̀ ni, mo máa pè é kí ó wá ṣàlàyé fún mi. Ti ìyàwó mi, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fítámì tó wà fún ojú àti èròjà kan báyìí tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ rẹlẹ̀ lórí ìwé náà. Àwọn wọ̀nyí ni a gbájú mọ́. Alhaja gbọ́, ó gbéra lọ sí ọjà Ipata, ó gbé odidi báàgì kárọ́ọ̀tì wá. A jẹ kárọ́ọ̀tì tútù, a jẹ ẹ́ nínú ìrẹsì, a lọ̀ ọ́ mu. A ń bu epo pupa sí ohun tí kò nílò epo. Ní ti irin, a dá a dúró. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ti fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kó o tì. Mo kà lórí fóònù mi pé irin tó bá pọ̀ jù a máa ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, mo sì ní kí a yé ra ẹ̀dọ̀ màlúù. Ó ń funfun sí i lójú mi, èmi sì ń ṣọ́ ọ kí irin má ba à ṣe é ní jàǹbá.

Ìyá rẹ̀ wá kí wa láti Ọ̀mù-Àrán ní àkókò yìí. Màmá kò tíì jókòó dáadáa tó fi pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó fi ọwọ́ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ mu?"

"Màmá, mo ti ṣe àyẹ̀wò. Irin pọ̀ lára mi."

"Irin? Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ kọ́ ni?"

Fọlákẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó kó pòròpórò ọkà bàbà jáde, ó sì gbé ìkòkò kaná. Kò pẹ́ tí omi náà fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gan-an. Àwọn àgbà wa ti ń fi í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kí wọ́n tó bí èmi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ní kíṣìnnì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un. Ìwé ní irin ti pọ̀ jù lára rẹ̀, èyí náà tún lè fi kún un."

"Bàbá Tósìn, ìwé yín rí i, ojú mi ò rí i?"

"Màmá, nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà kì í ṣègbè."

"Ó dáa. Kí nọ́ńbà yín bá mi wò ó o."

Fọlákẹ́ kò mu ún. Kò fẹ́ já mi kulẹ̀, kò sì fẹ́ bí ìyá rẹ̀ nínú, ó wọ yàrá lọ, ó ní oorun ń kun òun. Ìkòkò náà tutù sórí ààrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbéra padà sí Ọ̀mù-Àrán láìjẹun.

Ẹbí kò dákẹ́. Ẹnì kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé àgbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ obìnrin kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ẹlòmíràn ní kí a gba ààwẹ̀, pé àwọn kan ló ń jowú rẹ̀ níbi iṣẹ́. A gba ààwẹ̀ náà. A ra àgbo náà pẹ̀lú, n kò ní purọ́, ó mu ún fún ìgbà díẹ̀. Bí a ṣe ń gba èyí tí a ń kọ èyí, ibà ìrọ̀lẹ́ yẹn kò yé wá.

Orí pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti ṣubú, nígbà tí àwọn ọmọ ń kọrin àárọ̀. Wọ́n ní ńṣe ni ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, tí kò sì lè dìde mọ́. Wọ́n gbé e wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n pè mí, a sì pàdé ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ síbẹ̀ mọ bí ó ṣe rí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní ọjọ́ náà, wọ́n ní kí a máa padà wá. Láti ìgbà náà, a dẹni tó ń jí lọ tò. Ẹni tí kò lè dúró á fi ohun kan sí ipò rẹ̀: bàtà, ike omi, ọ̀rá, àwọn ni wọ́n ń tò lórí bẹ́ǹṣì bí ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń pariwo pé, "Èmi ni mo wà lẹ́yìn ike funfun yẹn!" Fọlákẹ́ sì dá a lóhùn pé, "Màmá, ike funfun ti wọlé lọ rí dókítà, ẹ̀yin ni ó kàn." Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ kò gbé e, síbẹ̀ ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Dókítà tí a bá lónìí kì í ṣe ẹni tí a bá lánàá, olúkúlùkù á sì bi wá ní ohun tí a ti sọ.

Dókítà obìnrin kan ni ó wá ní kí a kó gbogbo ìwé wa wá látìbẹ̀rẹ̀. Ó wo ìwé láàbù yẹn, ó rí tííkì pupa tó wà lára rẹ̀.

"Ta ló ka èyí fún yín?"

Mo ní, "Àwa fúnra wa ni, dókítà. Olùkọ́ ni wá."

Kò bá wa wí. Ó ní, "Nọ́ńbà yìí kò purọ́, sà. Ìbéèrè tí ẹ rò pé ó ń dáhùn kọ́ ni ó ń dáhùn."

Ó wá ṣàlàyé, mo sì fẹ́ kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ó ní ara ènìyàn ní àká tó ń kó irin pamọ́ sí. Wọn kì í yọjú wo inú àká náà, àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀n láti mọ bí ó ṣe kún tó. Bí ara bá wà ní àlàáfíà, àmì náà ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá wọ inú ara tí ara ń bá a jà, ara á máa tú àmì yìí jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ì báà jẹ́ pé àká ti gbẹ. Kò mọ síbẹ̀, ara á tún ti ilẹ̀kùn àká náà pa, kí ohun tó ń bá a jà má ba à rí irin jẹ. Irin díẹ̀ tó kù kò ní lè jáde di ẹ̀jẹ̀, èyí tí ènìyàn bá sì jẹ, agbára káká ni yóò fi wọlé.

"Ní ti fítámì tó rẹlẹ̀ yìí àti èròjà kejì rẹ̀," ó ní, "ìjà kan náà lè fà wọ́n wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, láì jẹ́ pé oúnjẹ yín kò dára."

Fọlákẹ́ wò mí, ó wo dókítà. "Ìyẹn ni pé gbogbo kárọ́ọ̀tì tí a jẹ..."

"Kárọ́ọ̀tì kò ṣe yín ní nǹkan, mà."

"Ó ṣe ọkọ mi ní nǹkan, dókítà. Ó ti sú u, kò lè sọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní àyẹ̀wò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ bóyá ara ń jà lọ. Kì í sọ ẹni tí ara ń bá jà, pé ara ń jà nìkan ni ó ń sọ. Òun ni ó yẹ kí wọ́n ṣe mọ́ àwọn yòókù, kí ènìyàn lè mọ ojú tí yóò fi wo ìyókù. Wọ́n ṣe é. Ó ga débi pé dókítà náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n wá fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n sì fi àwọn àyẹ̀wò mìíràn tì í lẹ́yìn, ó hàn pé àká ìyàwó mi ti ṣófo tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀, ibi tí ojú kò tó.

Ó wá ku kí wọ́n wá ohun tí ara rẹ̀ ń bá jà. Wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀, wọ́n já díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ikọ́ ife ni. TB tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n inú ìfun ni tirẹ̀ wà. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo pe Màmá lórí fóònù, ó ní, "Ikọ́ ife kẹ̀? Ọmọ tí kò wúkọ́?" Ẹbí kan ní kí a má sọ ọ́ síta, kí a sọ pé ọgbẹ́ inú ni. Fọlákẹ́ ni kò gbà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pe ohun tó ń ṣe mí ní orúkọ rẹ̀. Tí mo bá tún pè é ní nǹkan mìíràn, ẹlòmíràn á tún wá fún mi ní àgbo rẹ̀." Àwọn kan tí wọ́n máa ń wá sílé wa kò wá mọ́. Alhaja ń wá. Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni ó máa ń jókòó sí, á ní, "Ẹ sún, Ìyá Tósìn, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni fóòmù."

Oògùn àìsàn náà kò gba owó lọ́wọ́ wa, ìjọba ló ń fún ni. Àyẹ̀wò tí a fi dé ibẹ̀ ni ó gba owó, Tósìn sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ibà ìrọ̀lẹ́ sì dáwọ́ dúró. Ó ní kí n ra àkàrà wá fún òun, ó jẹ ẹ́ tán, ó bèèrè òmíràn. Mo rò pé a ti bọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti pẹ́ jù nínú rẹ̀. Ó jẹ ibì kan nínú ìfun rẹ̀ títí ó fi lu, wọ́n sáré ṣe iṣẹ́ abẹ, ara rẹ̀ kò sì ní agbára tí yóò fi kojú rẹ̀. Mo ti sọ bí ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣe rí.

Mo bi dókítà obìnrin náà nígbà kan bóyá Màmá ló gbọ́n ju wá lọ. Ó ní ohun tí Màmá rí, òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ kò sí lára ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní a fún un ní omi pòròpórò yẹn lójoojúmọ́, ilẹ̀kùn àká ṣì máa wà ní títì, TB ṣì máa wà nínú ìfun. Kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn nínú wa nígbà náà. Màmá ní ojú rẹ̀, àwa ní ìwé wa, a sì ń jà lórí ìkòkò. Ohun tó ń dùn mí ni pé ká ní a gbé ohun tí ojú rẹ̀ rí lé orí ohun tí ìwé wa sọ ni, à bá ti rí i pé àwọn méjèèjì ta kora, ìyẹn ìbá sì ti gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ìfun rẹ̀ tó lu. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí ló ń sàn. Mo ti rí wọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n sanra, wọ́n ń ṣàwàdà.

Màmá kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìkòkò náà mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi jókòó ní pálọ̀, ó di ọwọ́ mi mú títí ọkọ̀ rẹ̀ fi dé. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ máa lọ ṣe àyẹ̀wò, n kò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ka èsì bí ẹni ka káàdì ọmọ ilé ìwé. Tí wọ́n bá ní irin yín pọ̀, tí ara yín sì ń gbóná, tí ẹ ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ yín kéré, ẹ bi dókítà bóyá ara yín ń jà, kí ẹ sì bi í ẹni tó ń bá jà. Tí wọ́n bá ní fítámì yín rẹlẹ̀, ẹ bi í bákan náà kí ẹ tó kó owó lé kárọ́ọ̀tì. Tí wọ́n bá sì ti sọ fún yín pé TB ni, ẹ má fara pamọ́. Ẹ lo oògùn náà tán, ì báà jẹ́ pé ara yín ti yá ní àárín ọ̀nà.

Ní ti èmi, ara le, a dúpẹ́. Ilé ń pariwo dídákẹ́ sí mi létí, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń sùn díẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé gbogbo ẹni tó bá bá aláìsàn gbé ní láti wá yẹ ara rẹ̀ wò. Tósìn ti ṣe tirẹ̀ ní Àbújá, kò sí nǹkan lára rẹ̀, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́ lórí tèmi. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ pé lọ́la. N kò lè wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn nígbà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo sì jáde. Alhaja rí mi lẹ́nu géètì.

"Tíṣà, ibo lẹ ń lọ láàárọ̀ yìí?"

"Ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò yẹn."

"Ẹ dúró kí n mú ìborùn mi."

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí n dá lọ."

"Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i," ó ní, ó sì padà wọlé.

Mo wọ kẹ̀kẹ́. Mo tò bí gbogbo ayé ṣe ń tò. Wọ́n ya àwòrán àyà mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá gba èsì, mo sì padà lọ. Dókítà tí mo bá lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí n kò rí rí. Ó yẹ àwòrán náà wò, ó yẹ ìwé wò, ó ní, "Bàbá, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi."

Mo dúpẹ́, mo ká ìwé náà sí àpò, mo sì dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó kàn ti ń dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo dúró. Mo yí padà, mo tún ìwé náà tẹ́ sórí tábìlì rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú. Èyí tí ẹ ní ó dára yìí, kí ni ó lè sọ nípa mi, kí sì ni kò lè sọ?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo èrò tó wà níta. Lẹ́yìn náà ó fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síta fún mi.

"Ẹ jókòó, sà."

Mo jókòó.